Bọ́tìnnì Kó Lọ sí Àjà Keje

Lọ́jọ́ tí katapílà wọ àdúgbò wa láti wá wó ilé bàbá wọn, Bọ́tìnnì ń lọ aṣọ oníbàárà kan lọ́wọ́. Ilé ti ṣófo. Wọ́n ti kó bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti kó àga, wọ́n ti yọ àwọn ilẹ̀kùn tó ṣì dára, wọ́n ti já iná mànàmáná. Àmọ́ Bọ́tìnnì ní iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀. Ó fi tábìlì kan àti áyọ́ọ̀nù eléèédú sílẹ̀ nínú yàrá iwájú tó ti ń ránṣọ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé ọjọ́ ò yàtọ̀ sí ọjọ́.

Ìyá oníbúrẹ́dì, tó ń tajà ní ojúlé kejì, ló sáré wọlé.

"Ṣé ẹ gbọ́? Wọ́n mà ti dé o!"

"Mo ń gbọ́ ìró rẹ̀," ni Bọ́tìnnì wí.

Ó yí apá ẹ̀wù náà padà, ó lọ ọ́ títí tó fi jọ̀lọ̀, ó ká a, ó dì í sínú ọ̀rá. Ó da eérú áyọ́ọ̀nù nù. Lẹ́yìn náà ló wá gbé àga tó fi ń jókòó, ó bá ẹnu ọ̀nà jáde, ó lọ jókòó sí òdì kejì títì.

Òkè ni ẹ̀rọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi eyín rẹ̀ họ páànù orí ilé wálẹ̀, ó ti ògiri kan síta, yàrá bàbá àti ìyá wọn sì là sílẹ̀ gbayawu lójú gbogbo ayé. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tí wọ́n fi kun ògiri rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó mọ́ ju ti ibi yòókù lọ níbi tí dígí ìyá wọn máa ń gbé kọ́. Ìyá oníbúrẹ́dì rí i, ó bú sẹ́kún. Ó dì mọ́ Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó tó, ó tó. Eruku á kó sí ọ lójú."

Ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé ilé ìyá oníbúrẹ́dì ni wọ́n ń wó. Gbogbo wa la sọ ọ́ lọ́jọ́ náà pé obìnrin yìí lọ́kàn bí ọkùnrin. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an, bó ṣe sọ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn náà, ò ju pé ó yẹ kí wọ́n ti tún ògiri yẹn kùn lọ́dún tó kọjá.

Bọ́tìnnì kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Bàbá rẹ̀ ló fún un. Kápẹ́ńtà ni bàbá náà, ó sì lẹ́nu bí abẹ́. Ó ní ọmọ òun obìnrin yìí dà bí ẹ̀wù tí wọ́n de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun: èèyàn ò lè mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Ó wọ ilé ọkọ, orúkọ náà bá a lọ. Ọkọ kú, ó gbé ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo padà sílé bàbá rẹ̀, orúkọ náà tẹ̀ lé e dé.

Bàbá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé yẹn, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan tó ní àtẹ̀gùn onígi, nígbà tí olówó kì í fẹ́ gbé àárín ìlú nítorí ariwo. Ọmọ mẹ́ta ló fi sáyé lọ. Àkọ́bí ni Dẹ̀rẹ́bà, tó fi gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, tó wá sinmi sí ìloro ilé, tó ń bá gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ṣàwàdà. Bọ́tìnnì ló tẹ̀ lé e. Ẹ̀kẹta ni Àbíkẹ́yìn, òun ló kàwé, ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé onílé ló sì ń gbé ní apá ibòmíràn nínú ìlú.

Nígbà tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, òkè ló ń dàgbà sí. Wọ́n á wó ilé kan ní òpin títì, kó tó pẹ́ gogoro á ti hù níbẹ̀ bí olú. Ilé àwọn Bọ́tìnnì tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ kí láàárọ̀ wá di ilé tí òjìji ń bò títí di ọ̀sán. Dẹ̀rẹ́bà máa ń gbé àga rẹ̀ tẹ̀ lé oòrùn láti ìgun ìloro kan sí èkejì. "Wọ́n ti ra oòrùn mọ́ ilẹ̀," ni yóò máa wí, àwa a sì máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, Àbíkẹ́yìn mú àlejò wá. Ọkùnrin tó ń fi ilé kíkọ́ ṣòwò ni, ó sì dé akoto funfun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ máa ń dé. Kò ṣí i nígbà tó wọlé, kò ṣí i nígbà tó jókòó. Ọjọ́ náà ni Dẹ̀rẹ́bà ti sọ ọ́ ní Alákoto, orúkọ náà ò sì kúrò lára rẹ̀ títí dòní. Alákoto tẹ́ àwòrán ńlá kan sórí tábìlì Bọ́tìnnì, lórí aṣọ tó ń gé lọ́wọ́. Ilé gogoro ni, gíláàsì yí i ká, igi wà níwájú rẹ̀, àwọn èèyàn tó wà nínú àwòrán náà sì ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ń fa ajá.

Dẹ̀rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó kínníkínní.

"Ta ló ni ajá yìí?"

"Àwòrán lásán ni, bàbá," ni Alákoto dáhùn.

"Mo mọ̀ pé àwòrán ni. Ta ló wá ni ín? Àwa ò lájá."

Àbíkẹ́yìn fi ọwọ́ nu ojú. Ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Alákoto á wó ilé, á kọ́ gogoro sórí ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á gba fúláàtì kọ̀ọ̀kan, òun á ta ìyókù.

"Bó bá jẹ́ pé gíga ni ọlá," ni Dẹ̀rẹ́bà wí, "ọ̀pẹ ì bá ti joyè."

"Bọ̀ọ̀dá mi, ilé yìí ń jò. Àtẹ̀gùn ń mì bí eyín àgbàlagbà. Bí àwọn yìí ò bá wó o, yóò dá wó lé yín lórí."

"Kó wó. Ṣé orí tìẹ ni?"

Wọ́n fà á síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn. Alákoto ń wo àjà ilé. Nígbà tó pẹ́, àwọn ọkùnrin méjèèjì wo Bọ́tìnnì, tí kò tíì la ẹnu láti ìgbà tí àlejò ti wọlé. Ọ̀kan fẹ́, ọ̀kan ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ sọ̀rọ̀," ni Àbíkẹ́yìn bẹ̀ ẹ́.

"Ohun tí ẹ bá ti fẹ́ náà ni."

Dẹ̀rẹ́bà fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "N ò bi ọ́ léèrè ohun tí a fẹ́. Kí ni ìwọ fẹ́, Bọ́tìnnì?"

Bọ́tìnnì fi eyín gé òwú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá inú ara rẹ̀ títí, bí èèyàn ṣe ń wá abẹ́rẹ́ nínú àpótí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń fi pa mọ́. Kò rí i ni.

"Kò sí èyí tí kò dáa níbẹ̀," ló wí.

Dẹ̀rẹ́bà tẹjú mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àlejò. "Ẹ gbé bírò wá." Ó fọwọ́ sí i, kò sì tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ilé náà mọ́.

Bí Bọ́tìnnì ṣe kó lọ bá ọmọ rẹ̀ nìyẹn, ní ìpẹ̀kun ìlú níbi tí títì ọlọ́dà ti parí. Ọkọ ọmọ náà, olùkọ́ ni, kò sì ní ìjà. Wọ́n fún un ní yàrá tó wà lẹ́yìn ilé, ó gbé máṣìnnì rẹ̀ sídìí fèrèsé, ó ń retí àwọn oníbàárà. Àwọn bíi mélòó kan wá lẹ́ẹ̀kan, wọn ò padà wá. Ta ni yóò wọ ọkọ̀ méjì nítorí àtirán sípù? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lọ́sàn-án. Ó ń mú ọmọ ọmọ rẹ̀ wálé láti ilé ẹ̀kọ́, ó ń ṣa ẹ̀wà, ó ń ká aṣọ gbígbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ṣé ara le, á ní ara le. Òótọ́ sì ni, kò sí ibì kan tó ń dùn ún.

Dẹ̀rẹ́bà ní tirẹ̀ gba yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì àwọn akẹ́rù, ó ní kí òun lè máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n kò sí ìloro níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń kọjá tó mọ̀ ọ́n. Ikọ́ kan mú un, kò sì fi í sílẹ̀. Bọ́tìnnì máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á gbá yàrá, á pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, á wá jókòó tì í. Iṣẹ́ ilé gogoro náà dúró nígbà kan tí owó tán lọ́wọ́ Alákoto. Irin ta jáde lórí rẹ̀ bí irun tí wọn ò yà. Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Dẹ̀rẹ́bà la ojú níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Àjà kelòó ni wọ́n dé báyìí?"

"Ìkarùn-ún."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. "Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ bá ẹyẹ gbélé."

Bọ́tìnnì bu omi fún un. Ó mu ún tán, ó di kọ́ọ̀bù náà mú.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọjọ́ wo?"

Dẹ̀rẹ́bà wò ó. Ó gbé kọ́ọ̀bù fún un. "Ó ti tán," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Kò dé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wálé láti ìdálẹ̀, wọ́n sin bàbá wọn, ojú wọn pọ́n. Àbíkẹ́yìn sunkún bí ọmọdé, ó ń pè é ní "Bọ̀ọ̀dá mi, Bọ̀ọ̀dá mi." Bọ́tìnnì dúró gbọnyin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó rí i pé bọ́tìnnì kan ti fẹ́ já lára ẹ̀wù ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, ó sì ń wò ó títí tí wọ́n fi bo sàréè.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ rẹ̀ jókòó tì í.

"Màámi, ẹ sunkún díẹ̀."

"Omi náà ò wá."

"Ẹ sọ nǹkan, ó kéré tán."

"Ìwọ náà, kí ni kí n sọ? Ó ti rẹ Bọ̀ọ̀dá mi tẹ́lẹ̀. Lọ sùn, ọ̀la ń bọ̀."

Ọmọ náà lọ sunkún tirẹ̀ níyàrá. Ẹ̀rù ìyá rẹ̀ ń bà á ju ikú tó ṣẹlẹ̀ lọ.

Alákoto parí ilé náà nígbẹ̀yìn. Àjà keje ló bọ́ sí Bọ́tìnnì lọ́wọ́. Àbíkẹ́yìn ló mú un wọ lífìtì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó fẹ́ ìyàwó. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tan iná, ó pa á, ó tún un tàn. Ó ṣí omi. Ó fa Bọ́tìnnì lọ sídìí fèrèsé.

"Àǹtí mi, ẹ wo gbogbo ìlú! Ẹ wò ó!"

Bọ́tìnnì wò ó. Ó bojú wo ìsàlẹ̀ níbi tí ìloro wọn wà nígbà kan, ó gbójú sókè. Ó rò ó pé òrùlé bàbá òun ò ga ju àjà kejì lọ. Ibi tí òun dúró sí yìí, kò sí ẹni kankan nínú ìdílé wọn tó dé ibẹ̀ rí.

"Ibí yìí," ló wí, "ẹyẹ ló máa ń gbà á kọjá."

Àbíkẹ́yìn rò pé àwàdà ni, ó sì rẹ́rìn-ín títí. Fúláàtì tirẹ̀, ó ti gba ayálégbé sí i. Ti Dẹ̀rẹ́bà, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tà á kí wọ́n tó padà sí ìdálẹ̀. Tọkọtaya kan tó máa ń wọ bàtà eré ìdárayá ló ń gbé ibẹ̀. Bọ́tìnnì a máa kí wọn nínú lífìtì, wọ́n a máa kí i padà tayọ̀tayọ̀, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń kí.

Ilé náà dákẹ́ jù. Lójú títì àtijọ́, bí ẹnì kan bá sín, ẹni mẹ́ta á ní kó pẹ́ láyé. Níbí, ilẹ̀kùn ń pa dé, ilẹ̀kùn ń ṣí, o ò rí ẹni. Bọ́tìnnì gbé máṣìnnì rẹ̀ sí pálọ̀ ó sì ń rán àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí ìyá oníbúrẹ́dì ń gbà wá fún un. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, irun rẹ̀ dúró gàn-ùn-gàn-ùn, oorun kún ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàsán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àjà kẹfà ni mo ń gbé, abẹ́ yín gan-an. Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ ni mo máa ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀sán ni mo sì ń sùn. Nǹkan kan máa ń dún lókè bí ọkọ̀ ojú irin."

"Máṣìnnì mi ni," ni Bọ́tìnnì wí. "Wọlé wá wò ó."

Nọ́ọ̀sì wọlé. Ó wo máṣìnnì, ó wo àwọn aṣọ tó wà ní kíká. Ìbínú tó gbé gòkè ò sí lójú rẹ̀ mọ́.

"Ẹ̀ ń ránṣọ ni? Ẹ lè rán kọ́tìnì?"

"Kí ló dé? O ò ní kọ́tìnì ni?"

"Fèrèsé tí wọ́n ṣe síbí yìí, bí odò ló ṣe fẹ̀. Èyí tí mo rà lọ́jà ò dé ìdajì rẹ̀. Bébà ìwé ìròyìn ni mo lẹ̀ mọ́ ibi yòókù. Gogoro iwájú yẹn ń rí mi bí mo ṣe ń sùn. Oòrùn náà ń rí mi."

Bọ́tìnnì mú tépù, ó bá a sọ̀kalẹ̀. Òótọ́ ni, bébà ló wà níbẹ̀. Yàrá náà rí bákan náà pẹ̀lú tirẹ̀, ilẹ̀kùn níbi tí ilẹ̀kùn wà, iná níbi tí iná wà. Ó wọn fèrèsé, ó rán aṣọ dúdú tó nípọn mọ́ ẹ̀yìn kọ́tìnì náà, ó sì fi ègé fóòmù kan sábẹ́ ẹsẹ̀ máṣìnnì rẹ̀. Nọ́ọ̀sì sùn. Nígbà tó jí, ó sọ fún àwọn ará àjà kẹrin, àwọn ará àjà kẹrin sọ fún àwọn mìíràn. Gbogbo fúláàtì ló ní fèrèsé yẹn, gbogbo wọn ló ń sá fún gogoro iwájú. Bọ́tìnnì wọ ilé kan jáde, ó wọ òmíràn. Ó wọ inú fúláàtì tó yẹ kó jẹ́ ti Dẹ̀rẹ́bà náà. Ó gun àga, ó na tépù, ìyàwó ilé ń bá a di ìdí tépù mú.

"Ṣé ẹ mọ àdúgbò yìí kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí, Mọ́mì?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó kéré sí báyìí," ni Bọ́tìnnì dáhùn. "Bá mi fà á sọ́wọ́ òsì díẹ̀."

Kò ju ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gba ìwọ̀n, ó lọ. Kò sunkún nígbà tó délé, kò ronú kan títí. Ó gé aṣọ.

Ìgbà òjò ni lífìtì bàjẹ́. Máníjà ilé ní àwọn ń retí irin kan, irin náà ò sì dé. Gbogbo èèyàn wá ń fẹsẹ̀ gun òkè, ẹni tí ò rí aládùúgbò rẹ̀ rí wá ń bá a pàdé níbi tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bọ́tìnnì ra òwú bọ̀, ó ń gun àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀. Ó bá Nọ́ọ̀sì tó jókòó sórí àtẹ̀gùn àjà kẹrin nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì lásán.

"Ẹ jókòó, Mọ́mì. Àjà kẹfà ò lọ síbì kankan."

Bọ́tìnnì jókòó. Nọ́ọ̀sì bu búrẹ́dì fún un. Wọ́n jẹ ẹ́, òjò ń lu gíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ó rẹ̀ mí débi pé mo fẹ́ ra mọ́tò," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Mo bá ara mi wí, mo ní mọ́tò ò lè gun àtẹ̀gùn. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n wà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo wa ọkọ̀ akẹ́rù rí," ni Bọ́tìnnì wí.

Nọ́ọ̀sì dá ẹnu dúró. "Ẹ̀yin?"

"Bọ̀ọ̀dá mi ló kọ́ mi. Dẹ̀rẹ́bà ni. Mo wà lọ́mọge nígbà náà. Ó ní obìnrin tó bá mọ ọkọ̀ wà, kò sí ọkùnrin tó lè já a sílẹ̀ sójú ọ̀nà. Ó gbé mi lọ sí pápá kan tó gbòòrò, kò sí igi níbẹ̀, kò sí òkúta, òkìtì iyanrìn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀." Ó bu búrẹ́dì jẹ. "Mo lọ kọ lù ú."

"Nínú gbogbo pápá yẹn?"

"Nínú gbogbo pápá. Bọ̀ọ̀dá mi bọ́ sílẹ̀, ó wo iyanrìn, ó wò mí, ó ní, 'Bọ́tìnnì, ṣé ẹ ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ ni?'"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, búrẹ́dì fẹ́ há a lọ́fun. Nǹkan kan bí ẹ̀rín jáde lẹ́nu Bọ́tìnnì náà, ó kúrú, ó gbẹ, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Níbo ni Bọ̀ọ̀dá yín wà báyìí?"

"Ó ti kú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mọ́mì."

"Ó burú," ni Bọ́tìnnì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì tún un sọ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ wò. "Ó burú gan-an."

Nọ́ọ̀sì gbọn ẹ̀rún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó mú bàtà rẹ̀ dání, ó na ọwọ́ kejì. Bọ́tìnnì dì í mú, ó dìde. Wọ́n jọ gun àtẹ̀gùn náà lọ, wọ́n ń dúró sinmi ní gbogbo ibi ìyípo. Ní àjà kẹfà, Nọ́ọ̀sì wọlé lọ sùn. Bọ́tìnnì gun èyí tó kù. Kọ́tìnì àwọn ará àjà kẹta wà nílẹ̀ tí kò tíì ṣẹ́tí rẹ̀. Ó ki òwú tuntun bọ máṣìnnì, ó sì jókòó tì í.